Ajá Kékeré Tí Ń Gbọ̀n: Ẹ̀rù Ni, Kì í Ṣe Àìgbọ́n

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rí àkòrí wa ti oṣù yìí, wọn yóò sì bi ara wọn pé, ṣé ọ̀rọ̀ ajá náà ló wá kù tí ojú ìwé ìdílé fẹ́ máa sọ? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ ajá ni, nítorí ó ti di ọ̀rọ̀ ìdílé. Ní ọdún yìí nìkan, màmá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn tí wọ́n lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dé ilé ọmọ, wọ́n bá ajá kan níbẹ̀ tí kò tóbi ju ológbò lọ. Chihuahua ni orúkọ irú ajá bẹ́ẹ̀, ahọ́n tiwa a sì máa pè é ní Ṣiwáwà. Ajá náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó ń gbó wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí i, á fẹ́ bù wọ́n jẹ. Bí ọmọ wọn bá sì jáde lọ sí ibi iṣẹ́, á máa hu bí ẹni tí ń sunkún òkú, á tún tọ̀ sí orí kápẹ́ẹ̀tì.

Màmá àkọ́kọ́ sọ fún wa pé ajá náà kò gbọ́n rárá. Màmá kejì ní ìkà ni. Màmá kẹta kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó ní òun ti dìde lóru láti gbàdúrà dè é, nítorí ohun tí ó bá ń gbọ̀n nínú ilé tí ó móoru, tí ó sì ń tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó ní ohun tí ó ń rí. Ní ilé ti màmá kẹta yìí, ọkọ ti ní kí wọ́n kó ajá náà lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ajá tí kò ní olówó sí, ìyàwó sì ń sunkún, nítorí ajá náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣe ìgbéyàwó. Ẹ wo bí ẹran tí kò tó kílò 3 ṣe fẹ́ da ilé rú.

Wọn kò kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ajá ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ṣùgbọ́n a ti bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀, a sì ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, ohun tí a sì rí ni pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn màmá wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò, wọ́n kàn ń pè é ní orúkọ mẹ́ta ni. Ẹ̀rù ni. Kò sí ẹ̀mí kankan tí a ní láti dè níbẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun àdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣe ẹ̀dá náà.

Ayé láti ìsàlẹ̀

Ìpínlẹ̀ kan wà ní àríwá Mẹ́síkò tí ó bá Texas pààlà, Chihuahua ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ajá yìí ti gba orúkọ. Ẹgbẹ́ American Kennel Club, tí ń kọ orúkọ irú àwọn ajá sínú ìwé ní Amẹ́ríkà, ti gbà á wọlé láti ọdún 1908, ìlànà wọn sì ni pé kò gbọdọ̀ wọ̀n ju pọ́ùn 6 lọ. Àkùkọ àgbà kan lè wúwo jù ú lọ.

Ẹ wá fi ojú inú wo ayé láti ibi tí ó dúró sí. Kókósẹ̀ wa ni ojú rẹ̀ ń bá pàdé. Bí àga bá ṣubú, ògiri ló wó. Ọmọ ọdún méjì tí ń sáré bọ̀, màlúù ni lójú rẹ̀. Gbogbo àlejò tí ó bá wọlé ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, kí ó na ọwọ́ tí ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, kí ó sì gbé e kúrò nílẹ̀ láìbéèrè. Bí òmìrán kan tí ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa náà lójoojúmọ́, a rò pé a ó kọ́ gbígbó.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń wọ̀n?

Ní ọdún 1994, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, Stanley Coren, tí ó jẹ́ olùkọ́ nípa ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ní Yunifásítì British Columbia, tẹ ìwé kan jáde lórí ọgbọ́n ajá. Ó kọ̀wé sí àwọn adájọ́ tí ń dán ìgbọràn ajá wò níbi ìdíje ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nǹkan bí 200 nínú wọn sì dá a lóhùn. Láti inú èsì wọn ni ó ti to irú àwọn ajá láti ipò kìíní dé ipò 79. Border Collie, ajá tí àwọn darandaran fi ń da àgùntàn, ni ó gba ipò kìíní. Chihuahua wà ní ipò 67. Bí a bá sọ ohun tuntun fún àwọn tí ó wà lókè pátápátá, kò ní tó ìgbà márùn-ún tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ní ìsọ̀rí tí Chihuahua wà, ó lè gba ìgbà 40 sí 80. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ìwé náà dé nìyẹn, tí wọ́n sì ń sọ kiri pé ajá kékeré kò gbọ́n.

Ṣùgbọ́n Coren fúnra rẹ̀ sọ pé oríṣi ọgbọ́n mẹ́ta ni ajá ní: èyí tí a bí mọ́ ọn fún iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ kọ́ láyé, àti èyí tí ó ń kọ́ lọ́dọ̀ ènìyàn. Ẹ̀kẹta nìkan ni àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn ń wọ̀n. Ìgbọràn ni. Ẹ wo ẹni tí ó wà ní ipò 78: Basenji, ajá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, láti igbó Kóńgò, tí kì í gbó bí àwọn ajá yòókù, tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń lé ẹran sínú àwọ̀n. Ajá tí ó mọ òórùn ẹran nínú igbó dúdú ni wọ́n fi sí ìdí ìwé, nítorí kò rí ìdí tí òun fi ní láti jókòó ní ìgbà 40 fún ọkùnrin kan tí ó di bébà mọ́wọ́. Bí àwọn bàbá wa tí ń ṣọdẹ bá gbọ́, ẹ̀rín ni wọn ó fi í rín. Ẹ sì wo ipò 8: Papillon, ajá kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju Chihuahua lọ. Nítorí náà kì í ṣe kíkéré ni ó ń mú ajá ṣe orí kunkun.

Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Arizona gbé èsì ìdánwò ajá tí ó lé ní 7,000 yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé àwọn ajá tí ọpọlọ wọn tóbi tayọ nínú rírántí ibi tí a fi oúnjẹ pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀, àti nínú kíkó ara wọn níjàánu níwájú oúnjẹ tí a ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n nínú mímọ ohun tí ènìyàn ń fi ìka tọ́ka sí, ajá ńlá kò ju ajá kékeré lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n Chihuahua wà. Ènìyàn ni ó ń kà bí ìwé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin ọ̀kan: ó mọ ìró kọ́kọ́rọ́ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ó mọ bàtà ibi iṣẹ́ yàtọ̀ sí bàtà tí a fi ń lọ sí ilé ìsìn, bí wọ́n bá sì gbé àpótí aṣọ sílẹ̀ láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ìrìn àjò ti dé.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló ń bí ẹ̀rù rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé ẹsẹ̀ náà. Ẹni tí ń pín lẹ́tà wá sí ẹnu ọ̀nà, ajá náà gbó o, ẹni náà fi lẹ́tà sílẹ̀ ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwa mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó parí. Ṣùgbọ́n ajá mọ̀ pé òun ni òun lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Màmá wa dé láti Ìbàdàn, ó na ọwọ́, ajá gbó, màmá fa ọwọ́ padà. Ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ajá tí a ní kò lè kọ́ nǹkan ti kọ́ ohun tí ó wúlò fún un, kò sì gbà á ní ìgbà 40.

Àwọn àgbà wa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A máa ń rò pé etí dídi ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ọmọdé tí ó gbàgbé ìsọdipúpọ̀ tí ó mọ̀ dáadáa ní kété tí olùkọ́ gbé pàṣán, yóò mọ̀ pé ẹ̀rù náà a máa di etí. Nígbà tí àyà Chihuahua bá ń já, bí a bá pè é, tí a fi ẹran pè é pàápàá, kò ní gbọ́. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí a wí.

Ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn

Ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn pa ọ̀bọ. Òwe yìí ni gbogbo ènìyàn ń pa bí wọ́n bá rí ajá kékeré tí ń gbó ajá ńlá láti orí ọwọ́ olówó rẹ̀. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó bá ti Chihuahua mu tán. Èyí tí ń gbó lórí ọwọ́ kò lè sá, wọ́n ti dì í mú. Ẹni tí kò lè sá, ariwo ni ó kù fún un.

Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí kan ní Vienna, ní Ọ́síríà, tẹ èsì ìwádìí jáde tí wọ́n fi bi àwọn olówó ajá tí ó lé ní 1,000 léèrè. Àwọn tí ń sin ajá kékeré kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ kan bí àwọn tí ń sin ajá ńlá: lónìí ajá wà lórí ibùsùn, lọ́la wọ́n lé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Wọn kì í sì kọ́ ọ, wọn kì í bá a ṣeré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ajá kékeré náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, àwọn ni ẹ̀rù sì ń bà jù. Ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti ìjìyà. Bí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ajá tó, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré, ni ó ń gbóná sí ènìyàn tó; ṣùgbọ́n ní ti àwọn kékeré, ìjìyà náà tún bá ẹ̀rù àti ìpayà rìn.

Ẹ ro ó wò fúnra yín. Bí Àsẹ́ṣàn bá kùn sí àlejò, gbogbo ilé á dìde. Bàbá á dì í mú, wọ́n á wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí Chihuahua bá kùn, ẹ̀rín là ń rín. A ó ní, "Ẹ wo alágbára!" Àwọn ọmọ á tún tọ́ ọ kí ó lè kùn sí i. Nígbà tí ó bá wá gé ọmọ kan lọ́wọ́ jẹ, a ó ní ó ti ya wèrè.

Kí ó tó gé ẹnikẹ́ni jẹ, ó ti sọ̀rọ̀ títí. Ó yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún. Ó lá imú ara rẹ̀. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan débi pé funfun ojú rẹ̀ hàn. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó fi etí lé ẹ̀yìn, ó fi ìrù há itan. Gbogbo ìwọ̀nyí, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀" ni. Kíkùn ni ó kẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá lù ú nítorí kíkùn, ohun tí ó kọ́ ọ ni pé kí ó má kùn mọ́. Kò kọ́ ọ pé kí ó má bẹ̀rù mọ́. Ní ìgbà mìíràn, yóò gé ni jẹ láìsí ìkìlọ̀. Ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 lórí ajá tí ó lé ní 9,000 fi hàn pé àwọn ajá tí ẹ̀rù ń bà gidigidi ju àwọn tí ẹ̀rù kì í bà lọ ní ìlọ́po márùn-ún nínú kíkùn sí ènìyàn àti gbígbìyànjú láti gé ènìyàn jẹ. Àwọn ajá kékeré náà sì ju àwọn ńlá lọ nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rù yìí ti pẹ́ kí ajá náà tó dé ilé wa. Àwọn onímọ̀ méjì, Scott àti Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ọmọ ajá ní ìpínlẹ̀ Maine, fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1965 pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù láyé. Bí ó bá rí ọmọdé, arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn, ọkùnrin onírùngbọ̀n àti ọkọ̀ ní àkókò yẹn, tí kò sì sí èyí tí ó pa á lára, ó ti di mímọ̀. Ọmọ Chihuahua kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olówó rẹ̀ ń fi aṣọ wé e sínú yàrá fún gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ̀bá títì ni àwọn mìíràn ti ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó já a gbà lẹ́nu ọmú. Kí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kéré tán. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún Lhasa Apso, onírun gígùn tí ó pọ̀ ní àwọn ilé ní Èkó.

Gbígbọ̀n náà ńkọ́?

Gbogbo gbígbọ̀n kọ́ ni ẹ̀rù, ibí sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ara kékeré a máa pàdánù ooru kíákíá. Ilé tí ó móoru lójú wa nínú ọyẹ́ lè tutù fún un. Ayọ̀ náà a máa mú un gbọ̀n. Ìrora pẹ̀lú, nítorí orúnkún àwọn ajá kékeré a máa yẹ̀, àti májèlé. Ṣúgà ara a máa lọ sílẹ̀ lára àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n bá pẹ́ láìjẹun. Wọ́n á gbọ̀n, wọ́n á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí, wọ́n lè dákú. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ fi oyin díẹ̀ ra èrìgì rẹ̀ kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ ni ó dára fún ọmọ Chihuahua.

Ajá tí ń gbọ̀n nígbà tí àrá ń sán, tàbí nígbà tí àwọn ọmọ ń yin báńgà ní Kérésìmesì, ti ẹ̀rù ni tirẹ̀, a kò sì ní láti wádìí lọ jìnnà.

Nígbà tí ilé bá dá

Nísinsìnyí, ti ajá tí ń hu tí ó sì ń tọ̀ sílé bí olówó rẹ̀ bá jáde. Màmá kan ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń gbẹ̀san ni, nítorí bí wọ́n bá wọlé ó máa ń tẹ orí ba, ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. A fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀bi àti ìjẹ́wọ́ ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ọ̀mọ̀wé Alexandra Horowitz ní New York dán an wò. Ó ní kí olówó ajá kọ oúnjẹ kan fún ajá rẹ̀ kí ó sì jáde; nígbà mìíràn ajá náà jẹ ẹ́, nígbà mìíràn kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ fún olówó rẹ̀ pé ó jẹ ẹ́ nígbà tí kò jẹ ẹ́. Ojú ẹ̀bi yẹn hàn jù nígbà tí olówó bá a wí, ìbáà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Ojú wa ni ajá ń wò tí ó fi ń tẹ orí ba. Nítorí náà, nínà án nítorí ìtọ̀ tí ó tọ̀ ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, àfi pé ìpadàbọ̀ wa náà léwu.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Ẹ má fi ìdágbére ńlá jáde nílé. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ má jáde. Ẹ wọ bàtà, ẹ padà jókòó. Ẹ jáde fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wọlé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú méjì, márùn-ún, mẹ́wàá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Bí ẹ̀rù náà bá pọ̀ débi pé ó ń bó ara rẹ̀ tàbí kò jẹun, oògùn wà. Láti ọdún 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí fluoxetine fún ajá tí kò lè dá wà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Dókítà ẹranko ni yóò kọ ọ́. Ẹ má ṣe bu oògùn oorun ti màmá fún un.

Fún ẹ̀yin màmá tí ń lọ

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ má kí ajá náà. A mọ̀ pé ó ṣòro fún Yorùbá láti wọlé láìkí gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ẹ jókòó, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó wá gbóòórùn yín. Ẹ máa ju ẹran adìẹ bíńtín tí kò ní egungun sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Kí ó jẹ́ ẹran bíbọ̀ lásán o. Ẹ má fi ọbẹ̀ wa fà á mọ́ra, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ṣokoléètì náà sì jẹ́ májèlé fún un.

Ẹ pè é kí ẹ tó gbé e, kí ọwọ́ kan wà lábẹ́ àyà rẹ̀, kí èkejì wà lábẹ́ ìdí. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dín gbígbé kù. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lóde, pẹ̀lú okùn tí a so mọ́ àyà, kì í ṣe ọrùn, nítorí ọ̀nà ọ̀fun àwọn ajá kékeré kò lágbára. Kí àpótí kan wà ní igun kan, pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti wọ ibẹ̀, kí ọmọdé kankan má tẹ̀ lé e.

Kí gbogbo ilé sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, màmá àgbà ń fi Yorùbá pàṣẹ, ọmọ ń fi ìka ṣàpèjúwe. Ajá ń gbọ́ àṣẹ mẹ́ta. Bí ẹ bá gbà pé "jókòó" ni, kí ó jẹ́ "jókòó" lẹ́nu gbogbo yín. Ajá kò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, inú wa ì bá sì dùn bí ọ̀kan nínú ilé náà bá ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lówùúrọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta lálẹ́, pẹ̀lú ẹran kékeré ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe é dáadáa. Bí ó bá gba ìgbà 80 náà, ẹ ṣe é.

Ní ti ọmọ tuntun, kò sí àwàdà níbẹ̀. Kí wọ́n mú aṣọ ọmọ wá láti ilé ìwòsàn kí ajá gbóòórùn rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Lẹ́yìn náà, kí a má ṣe fi ọmọ àti ajá nìkan sílẹ̀ nínú yàrá kan láé, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan, ìbáà ṣe ajá tí ó kéré jù láyé. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá, òun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: a kì í fa ìrù, a kì í fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun tàbí tí ó sùn.

Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbí tí ajá dìgbòlugi ṣì ń pa ènìyàn, ẹ má wo kíkéré rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo bóyá yóò jiná. Kí ẹ sì rí i pé ajá yín, kékeré tàbí ńlá, gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní àsìkò tí dókítà bá dá.

Ohun kan kù tí a fẹ́ sọ fún tọkọtaya tí a mẹ́nu kàn, àti fún àwọn tí ó wà ní irú ipò wọn. Ní Yunifásítì Linköping ní Sweden, àwọn olùwádìí yẹ irun ajá 58 wò pẹ̀lú irun àwọn obìnrin tí ó ni wọ́n, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2019. Wọ́n ń wá cortisol, ohun tí ara ń pèsè nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀, tí ó sì ń wọ inú irun lọ bí irun ti ń hù. Àwọn ajá wọ̀nyẹn kì í ṣe Chihuahua, ajá darandaran ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú irun olówó ni ó pọ̀ nínú irun ajá. Ilé tí ọkọ àti ìyàwó ti ń pariwo mọ́ ara wọn lórí ajá, ajá náà wà lábẹ́ àga, ó ń gbọ́.

Ṣé kí wọ́n kó o lọ? Èrò tiwa ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò dókítà, kí wọ́n ṣe ohun tí a kọ sókè yìí fún oṣù mẹ́ta láìdáwọ́ dúró, kí ilẹ̀kùn sì máa wà láàrin òun àti ọmọ tuntun ní gbogbo àkókò náà. Bí kò bá sí ẹni tí ó ní àyè láti ṣe é nínú ilé náà, tàbí tí ó bá ń gbìyànjú láti bá ọmọ náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwá ilé mìíràn fún un, ilé àgbàlagbà tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò sí ọmọdé níbẹ̀. Kí ìyàwó fúnra rẹ̀ yan ilé náà, kì í ṣe ọkọ. Kí wọ́n sì sọ fún ẹni tí yóò gbà á pé ó ti bu ènìyàn jẹ rí, ibi tí ó ti bù ú jẹ àti ohun tí ẹni náà ń ṣe lọ́wọ́.